Ta Ló Ni Ọ̀rọ̀? Àdàkọ Olè nínú Lítíréṣọ̀ àti Sinimá Yorùbá

Èrò kan ti gbilẹ̀ láàrin àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn nílùú Ìbàdàn, pé àṣà Yorùbá kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀tọ́ aṣẹ̀dá lórí ọ̀rọ̀. Wọ́n ní gbogbo ayé ló ni òwe, gbogbo ìdílé ló ni oríkì, ẹnikẹ́ni ló sì lè dá orin tó bá gbọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá da ìwé tàbí fíìmù Yorùbá kọ láìgba àṣẹ kò ṣe ju ohun tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ń ṣe lọ. Òfin tó pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní olè, òfin òyìnbó ni. Èrò yìí dùn létí, nítorí pé ó sọ ohun tó rọ̀ ènìyàn lọ́rùn di ohun tó níyì. Ṣùgbọ́n èrò nípa lítíréṣọ̀ ni kó tó di èrò nípa owó, ó sì yẹ kí lámèyítọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe ń yẹ iṣẹ́ ọnà èyíkéyìí wò.

Àwọn tí wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ènìyàn búburú. Ní Agbowó, ní òdìkejì ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn, ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ṣe fọ́tókọ́pì tò lọ bẹẹrẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan á gbé ojúlówó ìwé kan ṣoṣo wá, ogún ènìyàn á sì gba ẹ̀dà tiwọn lọ. Nítòsí wọn ni àwọn tó ń fi orin àti fíìmù sínú mẹ́mọ́rì fóònù jókòó sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń ta àwo fíìmù ayédèrú ṣe fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Dùgbẹ̀ àti ní Challenge kí fóònù tó gba ọjà mọ́ wọn lọ́wọ́. Lónìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tilẹ̀ nílò láti dé ṣọ́ọ̀bù mọ́. PDF ìwé tí wọ́n yàn fún ìdánwò ń ti orí WhatsApp kíláàsì kan bọ́ sí ti òmíràn, olùkọ́ fúnra rẹ̀ a sì máa wà lára àwọn tó ń fi ránṣẹ́.

Ǹjẹ́ òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ kò ní olóhun láyé àtijọ́? Ìdajì òótọ́ ni. Òwe kò ní olóhun, bẹ́ẹ̀ ni àlọ́. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó kúrò lórí òwe àti àlọ́ bọ́ sórí ìjálá, ẹ̀sà tàbí rárà, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Oníjàálá kì í bẹ̀rẹ̀ láìjúbà. Ìbà yìí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Nínú rẹ̀ ni oníjàálá ti ń sọ ẹni tó kọ́ ọ àti ibi tí ohùn rẹ̀ ti ṣàn wá. Bó bá yọ orúkọ ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á bi í léèrè ibi tó ti rí ohun tó ń sun. Bó bá ṣi oríkì orílẹ̀ kan kì, wọ́n á dá a dúró lójú agbo. Ọmọ awo tó fẹ́ gba ẹsẹ Ifá ń fi ọdún púpọ̀ sin olúwo rẹ̀ kó tó gbà á tán. Ọ̀rọ̀ ní ọ̀nà tó gbà dé ọwọ́ ẹni, ẹni tó bá sì gba ẹ̀yìnkùlé wọlé kò ní fara pamọ́ pẹ́.

Ọ̀nà ìsanwó náà wà. Bí onírárà bá ki ènìyàn débi pé orí rẹ̀ wú, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Bí alárìnjò bá dé ìlú, ẹni tó wòran mọ̀ pé òun ní láti fi nǹkan sílẹ̀ kó tó lọ. Kò sí òfin ẹ̀tọ́ aṣẹ̀dá láyé ìgbà náà nítorí pé kò sí bí ènìyàn ṣe lè gbádùn ohùn akéwì kí akéwì fúnra rẹ̀ má sí níbẹ̀. Ara akéwì ni òfin rẹ̀. Ohun tí àwọn tó ń lo àṣà gẹ́gẹ́ bí àwíjàre gbàgbé nìyí. Wọ́n rí i pé kò sí òfin, wọn kò rí ohun tó dúró sí ipò òfin.

Nǹkan mìíràn tún wà tí wọ́n pa pọ̀ mọ́ra wọn, èyí sì ṣe pàtàkì fún akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀. Àwòkọ́ṣe yàtọ̀ sí àdàkọ. Ẹni tó gbọ́ rárà lẹ́nu ẹlòmíràn tó sì fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ ní ohùn, ó gbọ́dọ̀ ní iyè, ó sì gbọ́dọ̀ mọ bí yóò ṣe yí i sí ẹni tó dúró níwájú rẹ̀. Nígbà tó bá fi máa sun ún tán, iṣẹ́ tuntun ló ṣe. Nígbà tí Túndé Kèlání gbé ìwé ìtàn àròsọ Akínwùmí Ìṣọ̀lá, Ó Le Kú, jáde ní fíìmù ní 1997, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í rán ìró àti bùbá kúkúrú bíi ti inú fíìmù náà, wọ́n sì sọ aṣọ ọ̀hún ní olekú. Kò sí ẹni tó lè pe télọ̀ tó rán an ní olè. Oríyìn ló fún eré náà. Ẹni tó da kásẹ́ẹ̀tì fíìmù náà kọ ní ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà kò ran nǹkankan, kò sì fi ohùn tirẹ̀ kún un. Ẹ̀rọ ló bá a ṣe é.

Ìbàdàn fúnra rẹ̀ ní àpẹẹrẹ kan tó yẹ kó máa wà lẹ́nu gbogbo olùkọ́ ewì. Denrele Adétìmíkàn Ọbasá, olóòtú ìwé ìròyìn The Yoruba News tó bẹ̀rẹ̀ ní 1924, tẹ ewì rẹ̀ jáde ní 1927. Púpọ̀ nínú ohun tó wà nínú ìwé náà jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ti wà lẹ́nu àwọn àgbà kí wọ́n tó bí i, àwọn lámèyítọ́ sì ti jiyàn títí lórí bóyá akéwì ni kí wọ́n pè é tàbí akójọ-ewì. Ìdáhùn kan wà lára ẹ̀yìn ìwé náà tí ọ̀pọ̀ ń fojú fò. Ìwé Kíní ti Àwọn Akéwì ló pe àkọlé rẹ̀. Kò pè é ní ìwé ewì Ọbasá. Ọkùnrin tó ní ilé ìtẹ̀wé tirẹ̀, tí ìbá sì lè fi orúkọ ara rẹ̀ bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, júbà lójú ewé àkọ́kọ́. Bí àṣà ṣe yẹ kó kọjá láti ẹnu sórí ìwé nìyí.

Ìwé títẹ̀ àti àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ló kọ́kọ́ ya ohùn akéwì kúrò lára akéwì. Láti ìgbà náà ni òfin ti ní láti gba ipò tí ara rẹ̀ fi sílẹ̀. Ìtàn òfin náà kò gba àlàyé púpọ̀ níhìn-ín. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1911 ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò; ìjọba ológun ṣe ti Nàìjíríà ní 1970; Àṣẹ 47 ti 1988 rọ́pò rẹ̀, òun ló sì bí àjọ tó ń rí sí ọ̀ràn náà ní 1989. Èyí tó wà lójú iṣẹ́ báyìí ni òfin ti 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, òun ló sì kọ́kọ́ dojú kọ íntánẹ́ẹ̀tì tààrà. Àwọn tó ń pè é ní òfin òyìnbó yẹ kó rántí pé Charles Dickens, tí í ṣe òyìnbó, rìn káàkiri Amẹ́ríkà ní 1842 tó ń rojọ́ pé wọ́n ń tẹ ìwé òun níbẹ̀ láìsan kọ́bọ̀, tí àwọn oníwèé ìròyìn ibẹ̀ sì ń bú u pé olójúkòkòrò ni. Òyìnbó pàápàá kò bí òfin yìí mọ́ra. Ìjà ló mú un wá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Baba Sàlá, ló fi ìjà náà hàn jù lọ nílẹ̀ Yorùbá. Tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà ní Ìbàdàn, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1959, wà lára ohun tó sọ eré Aláwàdà rẹ̀ di ìlúmọ̀ọ́ká. Ẹni tó bá rí i lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé táì rẹ̀ gbàǹgbà, gíláàsì ojú rẹ̀ ràgàjì àti aago ńlá tó ń so mọ́ ọrùn ọwọ́. Ní 1982, ó gbé fíìmù Ọ̀run Móoru jáde, Ọlá Balógun sì ni olùdarí rẹ̀. Fíìmù gidi ni, irú èyí tó ń gba rólù, ẹ̀rọ ńlá àti owó ńlá.

Kí ènìyàn tó lè mọ ìwọ̀n òfò náà, ó ní láti mọ bí owó ṣe ń wọlé fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí ilé iṣẹ́ tó ń pín fíìmù Yorùbá kiri nígbà náà. Òṣèré tó ya fíìmù a máa gbé rólù rẹ̀ kiri fúnra rẹ̀, láti ìlú dé ìlú, á háyà gbọ̀ngàn, á gba owó lẹ́nu ọ̀nà. Hubert Ògúndé ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú Ayé àti Jáiyésinmi. Adéyẹmí Afọláyan, tí wọ́n ń pè ní Adé Lọ́ọ̀fù, ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ọgbọ́n alárìnjò ni wọ́n gbé bọ inú sinimá. Wọ́n fi ara wọn ṣọ́ iṣẹ́ wọn, gẹ́gẹ́ bí onírárà ṣe ń fi ara rẹ̀ ṣọ́ ohùn rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí rólù bá wà lọ́wọ́ olóhun, kò sí ẹni tó lè wòran láìkọjá lẹ́nu ọ̀nà.

Kásẹ́ẹ̀tì fídíò ló fọ́ odi yẹn. Ẹ̀dà Ọ̀run Móoru bọ́ sórí fídíò láìgba àṣẹ olóhun, ó sì dé pálọ̀ àwọn ènìyàn kí Baba Sàlá tó lè gbé rólù rẹ̀ dé ìlú wọn. Gbèsè tí èyí kó o sí kò tán bọ̀rọ̀. Títí tó fi kú ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2018, ọ̀rọ̀ fíìmù yẹn kò kúrò nínú ìtàn ayé rẹ̀. Àwọn tó ń kọ nípa rẹ̀ sábà máa ń dúró sórí owó tó pàdánù. Ó yẹ kí lámèyítọ́ lọ síwájú jù bẹ́ẹ̀. Lórí ìtàgé, àwàdà Baba Sàlá kì í jẹ́ ọ̀kan náà lálẹ́ méjì; ó ń wo ojú èrò, ó ń yí ọ̀rọ̀ padà, ó ń fa ẹ̀fẹ̀ gùn níbi tí ẹ̀rín bá ti pọ̀. Fíìmù gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀, ó sọ àwàdà náà di ohun tó dúró sójú kan. Ohun kan ṣoṣo tó kù fún un láti tà ni ìyàlẹ́nu, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ̀fẹ̀ náà máa bọ́ sétí ènìyàn. Ìyẹn gan-an ni ẹ̀dà olè tà kó tó dé. Òṣèré tó ń ṣe eré ìbànújẹ́ ìbá tún rí àwọn tó fẹ́ tún un wò. Aláwàdà tí ìlú ti rẹ́rìn-ín iṣẹ́ rẹ̀ tán nínú pálọ̀ kò ní ohun tó máa gbé lọ sí gbọ̀ngàn mọ́.

Baba Sàlá ṣì ya Ààrẹ Àgbáyé ní 1983 àti Mosebọ́látán lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ìgbà fíìmù onírólù ti ń lọ sópin. Kò dára kí ènìyàn di gbogbo ẹrù náà lé olè lórí. Nígbà tí owó náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn 1986, àwọn tó lè ra fíìmù òyìnbó tí wọ́n fi ń yàwòrán kò pọ̀ mọ́. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn òṣèré Yorùbá kó wọ inú fídíò, ìbẹ̀rù àdàkọ wà lára ohun tó pinnu bí eré wọn ṣe rí. Ọjà ní láti yá kí ẹ̀dà ayédèrú tó jáde. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi ọjọ́ díẹ̀ ya eré, tí wọ́n ń gé ìtàn kan sí apá kìíní àti apá kejì kí wọ́n lè gba owó lẹ́ẹ̀mejì lórí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá ní kó ṣàlàyé àléébù ìhun nínú fíìmù àgbéléwò, tó sì kọ pé òṣèré kò mọ bí wọ́n ṣe ń hun ìtàn, kò tíì dáhùn ìbéèrè náà tán. Ọjà ló hun díẹ̀ nínú àwọn eré wọ̀nyẹn.

Ohun mìíràn tó tún wọ inú fíìmù nípasẹ̀ olè ni ìkìlọ̀ tó máa ń ṣíwájú eré, tí àwọn kan sì ń fi èpè kún. Èpè jẹ́ ẹ̀yà lítíréṣọ̀ alohùn tó ní ìlànà tirẹ̀. Ó ń béèrè orúkọ, ó ń béèrè ojú, ó sì gbọ́dọ̀ ti ẹnu ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ jáde sí ẹni tó ṣẹ̀. Èpè tí wọ́n gbà sílẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì kò mọ ẹni tó ń bá wí. Ojú ẹni tó ra ojúlówó ló ń kọ́kọ́ kàn án, bẹ́ẹ̀ ẹni yẹn kò jẹ gbèsè, nígbà tí ẹni tó ń ta ayédèrú ti gé apá ibẹ̀ dànù. (Kò sí àpẹẹrẹ tó dára ju èyí lọ fún olùkọ́ tó bá fẹ́ kọ́ kíláàsì rẹ̀ ní ohun tí lítíréṣọ̀ alohùn ń sọnù nígbà tí ẹ̀rọ bá gbà á.)

Íntánẹ́ẹ̀tì wá mú ohun tuntun kan dé. Nígbà kásẹ́ẹ̀tì àti àwo, olè náà ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n lè mú un, wọ́n lè sun ọjà rẹ̀. Nígbà tí Tóyìn Abraham bú sẹ́kún ní gbangba ní oṣù kìíní ọdún 2024 nítorí pé fíìmù rẹ̀ Malaika, tó ṣì wà nílé sinimá, ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn olè, kò sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n lè nàka sí. Ọ̀rẹ́ ló ń fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́, lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú inú rere. Ẹni tó sì ń gbà á kò ka ara rẹ̀ mọ́ olè. Yorùbá ti dá irú ẹjọ́ yìí tipẹ́, pé ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Àwọn tó ní àṣà wà lẹ́yìn àwọn kì í sábà rántí òwe yìí.

Fún ẹni tó ń gbáradì fún ìdánwò, ewu kan wà tó súnmọ́ ọn ju ẹkún òṣèré lọ. Ẹ̀dà olè kì í ṣe ìwé náà gan-an. Nínú fọ́tókọ́pì tí wọ́n da kọ láti ara fọ́tókọ́pì mìíràn, àmì ohùn ló ń kọ́kọ́ parẹ́, àmì ìsàlẹ̀ ń tẹ̀ lé e, etí ewé ń gé ọ̀rọ̀ ìparí ìlà. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ kà tí wọ́n sì tún tẹ̀ burú jù, nítorí pé ó mọ́ lójú, kò sì jọ ohun tó bàjẹ́. Kí ènìyàn wo àkọlé ìwé Ìṣọ̀lá nìkan, èyí tí Oxford University Press tẹ̀ jáde ní Ìbàdàn ní 1974. Bí wọ́n bá yọ àmì kúrò lórí rẹ̀, O le ku ló kù. Ẹnìkan lè kà á sí ó le kú, ẹlòmíràn á kà á sí ó lè kú, ẹ̀kẹta á sì kà á pé olè kú, èyí tí ìbá dùn mọ́ àwọn òǹkọ̀wé nínú. Bákan náà ni ọ̀run ń di ọrùn. Níbi tí ìbéèrè bá ti dá lórí ìfọ̀rọ̀dárà tàbí ìfìrógbóyeyọ nínú ewì, ohùn ni gbogbo ẹ̀rí tí akẹ́kọ̀ọ́ ní, ohùn náà ni ẹ̀dà yìí kò ní. Ó ti ra ìwé tí kò lè dáhùn ìbéèrè. Láyé àtijọ́, àwọn tó jókòó ní agbo ìbá ti dá ẹni tó ṣi ọ̀rọ̀ pè dúró. Nínú PDF, kò sẹ́ni tó ń dá ẹnikẹ́ni dúró.

Àwọn tó ń gbèjà àdàkọ ní ọ̀rọ̀ méjì tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Èkíní ni ìṣẹ́. Òbí tó ní ọmọ mẹ́ta nílé ẹ̀kọ́ girama, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì nílò ìwé eré oníṣe, ewì àti ìtàn àròsọ, kò lè rẹ́rìn-ín bó bá gbọ́ iye wọn. Èkejì ni pé àwọn ìwé kan kò sí lọ́jà rárá. Àwọn ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé tó sọ Ìbàdàn di olú ìlú ìwé, ní Jẹ́ríkò, lórí Ring Road àti nítòsí Challenge, ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá dáradára kúrò lórí àtẹ láìtún wọn tẹ̀. Níbi tí olóhun kò bá ta nǹkan rẹ̀, ó ṣòro láti dá ẹni tó wá a lọ síbòmíràn lẹ́bi. Ó tún yẹ kí wọ́n gbà pé ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ Ọ̀run Móoru lónìí, orí fídíò àti íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Irú ohun tó pa olóhun ló ń tọ́jú orúkọ iṣẹ́ rẹ̀.

Òfin kò ṣe aláìmọ ìṣòro àkọ́kọ́. Òfin 2022 kò ní kí olùkọ́ má da ewì kan kọ fún kíláàsì. Ó fi àyè sílẹ̀ fún ìlò tó tọ́ nítorí ìkẹ́kọ̀ọ́ ara ẹni, ìwádìí àti lámèyítọ́, ó sì ní kí wọ́n wo irú ìlò náà, ìwọ̀n ohun tí wọ́n mú nínú iṣẹ́ ọ̀hún, àti ohun tí yóò ṣe sí ọjà rẹ̀. Ojú ewé mẹ́ta tí olùkọ́ fi ṣàlàyé kò pa ọjà. Odindi ìwé tí kíláàsì fi pín ara wọn pa á. Ẹ̀tọ́ náà sì ní ìpẹ̀kun. Àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé ni fún ìwé. Fágúnwà kú ní oṣù kejìlá ọdún 1963, nítorí náà òpin 2033 ni ìwé rẹ̀ yóò di ti gbogbo ènìyàn. Ìṣọ̀lá kú ní 2018, tirẹ̀ di òpin 2088.

Ti ọ̀rọ̀ kejì, pé àdàkọ olè ló ń tọ́jú iṣẹ́ kó má parun, ọ̀nà kan wà tí wọ́n lè gbà dán an wò. Ọbasá kú ní 1945. Bí wọ́n bá fi àádọ́rin ọdún ṣírò rẹ̀, ẹ̀tọ́ lórí ìwé rẹ̀ tán ní òpin 2015. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì ló lè da Ìwé Kíní ti Àwọn Akéwì kọ bó ṣe wù ú, kó tà á, kó fi í ta ọ̀rẹ́ lọ́rẹ, láìsí àjọ tàbí ọlọ́pàá tó lè bi í léèrè. Ẹni tó bá ń wá a ní Agbowó yóò rìn jìnnà. Orí àtẹ níbẹ̀, ìwé tí wọ́n yàn fún ìdánwò ọdún yìí ló kún ibẹ̀.